Lọ́rì ológun M35A2: bí a ṣe ń jí i dìde, bí a ṣe ń wá ohun tó ń ṣe é, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Tí ẹ bá ra M35A2 níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń ta ẹrù ológun tí wọn ò lò mọ́, ẹ má kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀, kí ẹ lọ wo bíréèkì. Ẹ́ńjìnì tí kò tàn kì í pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n lọ́rì tó wúwo tó bíi 13,000 pọ́n-ùn láì tíì kó ẹrù, tí ẹ tẹ bíréèkì rẹ̀ tí kò dúró, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Púpọ̀ nínú àwọn lọ́rì yìí kò ṣiṣẹ́ kú. Ìjókòó ló bà wọ́n jẹ́. Ọkọ̀ tó wà lójú kan fún ọdún mẹ́jọ nínú oòrùn àti òjò, ohun tó máa ń bàjẹ́ nínú rẹ̀ ni rọ́bà, epo tó wà nínú táǹkì, ibi tí wáyà ti kan irin, àti ọ́ìlì bíréèkì. Irin rẹ̀ máa ń dára síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sáré lọ ra nọ́súlù (ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì) àti túbò (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnì) tuntun kó tó fọ táǹkì ń da owó nù ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ rà. Pátákó irin kékeré wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù tó sọ irú ọkọ̀ náà. Èyí tí à ń sọ níbí ni A2, tó ní ẹ́ńjìnì LDT-465: sílíńdà mẹ́fà, túbò, lítà 7.8, jíà márùn-ún tí ẹ máa fi ọwọ́ yí. Tí ẹ bá rí ẹ́ńjìnì Caterpillar àti jíà tó ń yí ara rẹ̀, A3 ni, ìtọ́sọ́nà yìí kò bá a mu. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè fọ́ọ̀mù SF-97, torí òun ni ìpínlẹ̀ máa fi ṣe ìwé ọkọ̀ fún yín. Kí ẹ tún wá ìwé ìtọ́jú ológun TM 9-2320-361, apá -10 fún awakọ̀ àti apá -20 fún mẹkáníìkì. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Bíréèkì

Bíréèkì ọkọ̀ yìí kì í ṣe ti afẹ́fẹ́ pátápátá bíi ti tírélà. Ọ́ìlì ló ń ti ṣúù bíréèkì ní ojú wíìlì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Afẹ́fẹ́ kàn ń fi agbára kún agbára ẹsẹ̀ yín ni, nínú ohun tí wọ́n ń pè ní Air-Pack, tó wà lábẹ́ ọkọ̀. Ibi tí ewu wà ni pé ọ̀nà ọ́ìlì náà kò ju ẹyọ kan lọ. Ọkọ̀ òde òní ní ọ̀nà méjì. Tí ọ̀kan bá bẹ́, èkejì á ṣì dá ọkọ̀ dúró. Níbí, tí họ́ọ̀sì kékeré kan bá bẹ́ níwájú, ti ẹ̀yìn náà ti lọ.

1. Ẹ fi igi tàbí òkúta ńlá há táyà níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé hándìbíréèkì tí ẹ kò tíì dán wò.

2. Ẹ ṣí ìdérí irin kékeré tó wà nílẹ̀ níwájú ìjókòó awakọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni másítà sílíńdà wà, ìyẹn ibi tí ọ́ìlì bíréèkì wà tí pẹ́dà ń tì í. Ẹ nu ẹ̀gbẹ́ ìdérí másítà mọ́ kí ẹ tó yọ ọ́, torí iyanrìn tó bá já sínú rẹ̀ yóò pa rọ́bà inú rẹ̀. Ọ́ìlì yẹ kó fi bí ìdajì ínǹṣì relẹ̀ sí ẹnu ihò.

3. Ẹ mọ irú ọ́ìlì tó wà níbẹ̀. Láti bí ọdún 1980 síwájú ni àwọn ológun Amẹ́ríkà ti ń lo DOT 5, ìyẹn ti sílíkónì, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọkọ̀ kẹ́yìn lè ti da DOT 3 sí i. Ẹ fa díẹ̀ sínú ìgò funfun, ẹ bu omi lé e, ẹ mì í. Tí ó bá pò mọ́ omi, DOT 3 tàbí DOT 4 ni. Tí ó bá ya sọ́tọ̀ tó dá dúró lọ́tọ̀, DOT 5 ni. Àwọ̀ àlùkò ló sábà máa ń ní, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣí tó bá ti pẹ́, nítorí náà ìgò ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe àwọ̀. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ láéláé. Tí wọ́n bá ti dà wọ́n pọ̀, ẹ fa gbogbo rẹ̀ dànù, kí ẹ sì pààrọ̀ rọ́bà másítà, ti Air-Pack àti ti gbogbo wíìlì sílíńdà (èyí tó ń ti ṣúù nínú wíìlì).

4. Ẹ wo ẹ̀yìn wíìlì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Tí ibẹ̀ bá tutù, ẹ fi ìka kàn án kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì jíà máa ń rùn bí imí ọjọ́, òórùn tí kì í tètè kúrò lọ́wọ́: síìlì ásùlù (irin gbọọrọ tó gbé wíìlì) ló jò. Tí ó bá ń yọ̀ tí kò sì ní òórùn, ọ́ìlì bíréèkì ni: wíìlì sílíńdà ló jò. Àtúnṣe méjèèjì yàtọ̀, nítorí náà ẹ má tíì tú nǹkan kan kí ẹ tó mọ èyí tó jẹ́.

5. Ẹ tẹ họ́ọ̀sì rọ́bà kọ̀ọ̀kan, ní wíìlì iwájú méjèèjì àti ibi tí páìpù ti bọ́ láti ṣáàsí (egungun irin tó gbé ọkọ̀) sórí ásùlù ẹ̀yìn. Èyí tí ara rẹ̀ là, tàbí tó le bí igi, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kódà tí kò bá là, tí ẹnikẹ́ni ò bá mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ kéré sí owó èyíkéyìí tí ẹ máa ná lórí ọkọ̀ yìí.

6. Ẹ yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ́ìlì. Air-Pack ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà wíìlì tó jìnnà sí i jùlọ, kí ẹ máa bọ̀ wá sí èyí tó sún mọ́ ọn. Ẹnì kan á wà lókè tí yóò máa tẹ pẹ́dà jẹ́jẹ́. Sílíkónì kì í fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà. Ìfófòó kéékèèké ló máa ń dá sínú rẹ̀, tí pẹ́dà á sì máa rọ̀ bíi fóòmù. Tí ó bá ti dá ìfófòó, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tún un ṣe.

Bí pẹ́dà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyí. Bí ó bá le bí òkúta tí ọkọ̀ kò sì dúró, Air-Pack kò ṣiṣẹ́, tàbí afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀. Bí ó bá ń rọ lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọ́ìlì ń sá lọ níbì kan, tàbí rọ́bà inú másítà ti jẹ. Bí ó bá gòkè lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, afẹ́fẹ́ wà nínú ọ́ìlì tàbí ṣúù ti jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ẹ gbọ́ ariwo “ṣiiii” lábẹ́ ọkọ̀ tí kò dáwọ́ dúró, Air-Pack ń tú afẹ́fẹ́. Èyí tó bá ń pọ ọ́ìlì láti ẹnu ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde ti parí. Kò sí àlẹ̀mọ́ tí yóò ràn án lọ́wọ́.

Ti afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀: ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ títí géèjì yóò fi dúró, níbi bíi 105 sí 120 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́). Bọ́sà, ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ pé afẹ́fẹ́ kò tó, á máa pariwo títí yóò fi kọjá bíi 60 psi. Ẹ má gbé ọkọ̀ kúrò lójú kan nígbà tí bọ́sà ṣì ń ké, bí ó ti wù kí ariwo náà máa bí yín nínú tó. Ẹni tó bá fa wáyà rẹ̀ yọ kó lè sinmi ariwo mọ ohun tó ń wá. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ wo géèjì. Bí ó bá ń já wálẹ̀ lójú yín, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ọ sí gbogbo oríkèé páìpù. Ibi tó bá ń hó ni.

Hándìbíréèkì wà lórí ọ̀pá tó ń jáde láti ẹ̀yìn tìránsífá (àpótí jíà tó ń pín agbára fún wíìlì iwájú àti ẹ̀yìn), kì í ṣe nínú wíìlì. Bọ́tìnì orí ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ máa yí láti fún un mọ́ ọn. Fún ìdúró nìkan ni. Ẹ má fi dá ọkọ̀ tó ń sáré dúró.

Epo

Òkìkí ẹ́ńjìnì yìí ni pé ó lè mu dísẹ́lì, epo ọkọ̀ òfuurufú, kẹrosíìnì, títí kan bẹntiróòlù. Òótọ́ ni. Àmọ́ dísẹ́lì ni kí ẹ fún un. Epo fúnra rẹ̀ ló ń fi òróró sí ara pọ́ǹpù ìtaná (èyí tó ń ti epo lọ sí nọ́súlù), bẹntiróòlù kò sì ní òróró kankan. Àwọn kan ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó ti dúdú sínú táǹkì torí ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí wọ́n jẹ lówó epo, fílítà àti nọ́súlù á gbà á padà.

1. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìdí táǹkì, kí ẹ gbá ohun tó wà níbẹ̀ sínú garawa. Táǹkì gbà tó gálọ́ọ̀nù 50. Bí omi bá wà nísàlẹ̀, tàbí ohun dúdú tó ń fà bí ọbẹ̀ ilá, ẹ fa gbogbo rẹ̀ dànù kí ẹ sì fọ táǹkì. Kòkòrò àìrí máa ń hù níbi tí omi àti dísẹ́lì ti pàdé. Òun ló ń di fílítà pa.

2. Ẹ tan súwíìṣì dáṣíbọ́ọ̀dù láì kíìkì ọkọ̀. Ẹ gbọ́ táǹkì. Pọ́ǹpù tó ń lo iná mànàmáná wà nínú rẹ̀ tó yẹ kó máa kùn. Bí kò bá dún, ẹ yẹ wáyà rẹ̀ wò kí ẹ tó sọ pé pọ́ǹpù ti kú. Ibi tí wáyà ti so mọ́ ara wọn ló sábà máa ń dípata.

3. Fílítà mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà epo. Ẹ pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Rọ́bà àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ojú irin. Ẹ fi ìka wá a kí ẹ fà á yọ, torí tí rọ́bà méjì bá wà lórí ara wọn, á jò tàbí kó máa fa afẹ́fẹ́.

4. Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù táǹkì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ ṣí ìdè kékeré orí fílítà títí epo tí kò ní ìfófòó yóò fi jáde, kí ẹ tó dì í. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

5. Ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù ìtaná, kí ẹ wo apá kékeré tí wáyà ìpa-ẹ́ńjìnì so mọ́. Tí ẹnì kan bá ti fa kókó rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ìpata sì dì í mú síbẹ̀, ẹ lè kíìkì títí bátìrì yóò fi kú, kò ní tàn. Nǹkan àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ wò nìyẹn, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wò gbẹ̀yìn.

Kí ẹ tó kíìkì rẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó pípẹ́, ẹ múra sílẹ̀ fún ohun kan. Pọ́ǹpù ìtaná tó ti gan lè dúró síbi tó ṣí jùlọ. Ẹ́ńjìnì á tàn, á sì máa sáré lọ láì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ẹ tú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, kí ẹnì kan dúró tì í pẹ̀lú pátákó igi tó fẹ̀ ju ẹnu ihò lọ. Bí ẹ́ńjìnì bá ń sá tí kókó ìpa kò sì mú un, kí ó gbé pátákó bò ó. Kò gbọdọ̀ lo àkísà, torí ẹ́ńjìnì á fà á wọlé, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ dí i.

Ẹ kíìkì fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ fún sítátà ní ìsinmi tó pọ̀ tó kí ẹ tó tún un ṣe. Ẹ wo sálẹ́ńsà. Bí èéfín kankan kò bá jáde, epo kò dé nọ́súlù. Bí èéfín funfun bá ń jáde tí kò sì gbà, epo ń dé, ṣùgbọ́n kò jó: òtútù ni, tàbí sítátà kò yí i kíákíá tó. Lẹ́yìn tó bá tàn, èéfín dúdú tí kì í kúrò túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ kò tó, ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́. Èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì

Ọ́ìlì 15W-40 tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnì dísẹ́lì ni kí ẹ lò, bíi kúọ́ọ̀tì 22 pẹ̀lú fílítà méjèèjì, ìyẹn bí lítà 21. Kí ẹ tó fà á jáde, ẹ wo ọ̀pá ìwọ̀n. Bí ọ́ìlì bá ju àmì òkè lọ tí ó sì ń rùn bí dísẹ́lì, pọ́ǹpù ìtaná ló ń jo epo sínú ẹ́ńjìnì. Ẹ má tan ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì tó ti ṣàn bí omi kò lè gbé bíárìn. Bí ó bá funfun bíi tíì oní mílíìkì, omi rédíétọ̀ ló wọlé.

Lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ fílítà, òfìfo ni wọ́n wà, ó sì máa ń pẹ́ kí ọ́ìlì tó kún wọn. Ẹ fa kókó ìpa-ẹ́ńjìnì síta kó má baà tàn, kí ẹ kíìkì díẹ̀díẹ̀ títí géèjì ọ́ìlì yóò fi gbéra. Ìgbà náà ni kí ẹ ti kókó náà padà, kí ẹ sì tan ọkọ̀. Ẹni tó bá fo ibí yìí, bíárìn àti túbò ló ń fi gbígbẹ pa.

Iná

Fólítì 24 ni gbogbo rẹ̀, bátìrì méjì oní fólítì 12 tí a so tẹ̀léra. Tí wọ́n bá wà nísinmi tí wọ́n kún, mítà á ka bíi 25. Tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ tó sì ń ṣájì, bíi 28. Ẹ ra bátìrì méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Tí ẹ bá fi tuntun mọ́ ògbólógbòó, ògbólógbòó á pa tuntun. Bákan náà, ẹ má so rédíò tàbí ṣájà fóònù mọ́ bátìrì kan ṣoṣo nínú méjèèjì torí pé ẹ ń wá fólítì 12. Ìkan á máa sọ agbára nù, èkejì á máa gbà jù, kò sì ní pẹ́ tí méjèèjì á fi bàjẹ́. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń sọ 24 di 12.

Wáyà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lára àmì irin kékeré. Ẹ má gé e sọ nù, torí ìwé TM ń fi nọ́ńbà yẹn tọ́ka sí i. Tí iná bá ń ṣe ségesège, ẹ kọ́kọ́ fá ibi tí wáyà ilẹ̀ ti kan ṣáàsí títí irin yóò fi dán. Tí iná bíréèkì kò bá sì tàn, ẹ wo súwíìṣì iná kí ẹ tó tú nǹkankan: ó ní apá mẹ́ta, ọ̀kan jẹ́ ìdè tí ẹ gbọ́dọ̀ gbé sókè kí èyí tó tóbi tó lè yí, tí ó bá sì wà ní ipò ìpa, iná bíréèkì kì í tàn rárá. Ológun ló ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ọ̀tá má baà rí wọn lóru.

Wíìlì àti táyà

Táyà 9.00-20 ni, mẹ́wàá lórí ilẹ̀. Lójú ọ̀dà, 50 psi; lórí ilẹ̀ tí kò dára, 35; nínú ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn, 15.

Nọ́ọ̀tì apá òsì ọkọ̀ ń yí sí òdìkejì. Ẹ wo orí irin rẹ̀, ẹ máa rí lẹ́tà L. Ibi tí ẹ rò pé ẹ ń tú u, ẹ ń fún un mọ́lẹ̀ ni, títí yóò fi kán. Lẹ́yìn, nọ́ọ̀tì méjì ló wà lórí ara wọn: ti inú di táyà inú mú, ti òde di táyà òde mú. Láti fún wọn, ẹ tú ti òde, ẹ fún ti inú, kí ẹ tó fún ti òde padà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún un fún lẹ́yìn bíi máìlì 50.

Rímù rẹ̀ ní òrùka irin tó di táyà mú. Bí òrùka náà kò bá jókòó dáadáa tí ẹ ń fi afẹ́fẹ́ kún táyà, ó lè fò jáde pẹ̀lú agbára tó lè gé orí ènìyàn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní àgò irin fún un. Fọkanáísà tó máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ òrùka mọ́lẹ̀ lẹ́bàá títì nígbà tó ń fẹ́ táyà, ẹ má ṣe bíi tirẹ̀.

Fún bíárìn, ẹ máa nílò sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhà mẹ́jọ ti ínǹṣì mẹ́ta. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ wà á dé bíi máìlì mẹ́wàá, ẹ dúró, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ojú họ́ọ̀bù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, bíárìn rẹ̀ le jù tàbí ṣúù rẹ̀ ń ha. Ẹ tún wo ihò ìmí kékeré orí ásùlù. Tí ẹrẹ̀ bá dí i, ọ́ìlì tó gbóná á wá ọ̀nà gba síìlì jáde, ẹ ó sì máa pààrọ̀ síìlì lásán.

Ọ́ìlì 80W-90 ni fún ásùlù. Nínú àpótí jíà, ẹ yan ọ́ìlì jíà tó ní àmì GL-1 tàbí GL-4, torí èròjà inú GL-5 kan máa ń jẹ idẹ.

Wíwà àti ìtọ́jú

Ẹ má kọjá 2,600 lórí géèjì ìyípo, ìyẹn bíi máìlì 55 láàrin wákàtí kan. Jíà kìn-ín-ní kò ní ohun tó ń mú un wọlé jẹ́jẹ́, nítorí náà ẹ dúró pátápátá kí ẹ tó fi sí i. Ẹ má lo agbára wíìlì iwájú lórí ọ̀dà gbígbẹ. Kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí túbò lè tutù. Bí ẹ bá pa á lójijì, ọ́ìlì inú túbò á jóná mọ́ bíárìn rẹ̀.

Lójoojúmọ́ tí ẹ bá wà á: ẹ tú omi kúrò nínú táǹkì afẹ́fẹ́, ẹ tú omi kúrò lábẹ́ fílítà epo àkọ́kọ́, ẹ wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àti ọ́ìlì másítà, ẹ fi ẹsẹ̀ dán pẹ́dà wò kí táyà tó yí. Lọ́dọọdún: ọ́ìlì àti fílítà, gíríìsì ní gbogbo ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì wo rọ́bà tó bo oríkèé wíìlì iwájú, torí tó bá ya, omi á wọlé, gíríìsì á sì tú jáde.

Tí ọkọ̀ yóò bá jókòó ju oṣù kan lọ, ẹ kún táǹkì epo dé òkè kí omi má baà rí àyè dì sínú rẹ̀, ẹ tú wáyà ilẹ̀ bátìrì kúrò, ẹ há táyà, kí ẹ sì tú hándìbíréèkì sílẹ̀ kí ó má baà lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù.